Mo Gbé Etí Lé E

Mo ta kajú àpò méjì àti ààbọ̀,
mo wọ mọ́tò láti Mọ́pà lọ sí Kàbà.
Owó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi òsì,
ó ń gún mi lẹ́sẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́.

Dáísí ti tò wọ́n sórí tábìlì bí iṣu titun.
"Ti Jámánì nìyí. Ti Kánádà nìyí.
Èyí, báńkì ló lò ó, kò mọ ìyà."
Ti báńkì ń dán, kò sí ìlà kan lára rẹ̀.

Tòlúhì tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti kìlọ̀ fún mi:
Má wo àwọ̀. Jíígì mẹ́jọ ni kí o béèrè,
mẹ́rin kò lè gbé ohùn márùn-ún dúró pọ̀,
yóò máa kólòlò bí ọmọ tó gbàgbé àkọ́sórí níwájú ìjọ.
Ka àwọn ihò ara rẹ̀. Ki wáyà bọ̀ ọ́, kó má mì.
Díìsìkì tó ń yí, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà.

Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lórí.
Ṣùgbọ́n Tòlúhì kò mọ yàrá mi:
páànù lókè, fèrèsé kan tí mo fi tìmùtìmù dí,
aṣọ òfì ìyá mi tí mo fi kọ́ ara ògiri
kí ohùn má baà ta padà.
Ewúrẹ́ aládùúgbò nìkan ni n kò rí nǹkan ṣe sí.
Màmá Ayélàágbé ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀,
ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín,
ó ń sọ ìtàn ilé wa bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà.
Bí fáànù ẹ̀rọ bá ń hó,
fáànù ni àwọn ọmọ wa yóò gbọ́.

Mo ní, "Tan gbogbo wọn, Dáísí. Kí o sì pa jẹnẹrétọ̀."
Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa.
Ó pa á.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ ọmọ inú.

Ti Jámánì ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà.
Ti Kánádà ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ níbì kan nísàlẹ̀.
Ti báńkì, arẹwà, ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ìkẹrin wà lábẹ́ tábìlì, igun rẹ̀ kan ti fọ́,
bọ́tìnì E rẹ̀ ti sọnù.
Mo gbé etí lé e.
Kò sí nǹkan.
Mo tún gbé e lé e.
Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo gbọ́.

"Ìyẹn? Bátìrì rẹ̀ kò pé ogún ìṣẹ́jú o,"
Dáísí sọ òótọ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà.
Ogún ìṣẹ́jú! Màmá kì í sọ̀rọ̀ kọjá mẹ́wàá
kó tó tòògbé.
A ná an títí oòrùn fi yí sẹ́yìn òkè.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ fún mi nítorí E.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí i.
Ẹni tó kọ́kọ́ ní i kò nù ún tán:
ohùn kan ṣẹ́kù níbẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ,
obìnrin kan ń ka nǹkan ní èdè tí n kò mọ̀,
ó dúró, ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ mi kò gbà láti pa á rẹ́.

Màmá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.
Ó fi àtàǹpàkò wá igun tó fọ́ náà.
"Níbo lèyí ti wá?"
"Òkè òkun, Màmá. Tòkunbọ̀ ni."
Ó súnmọ́ gbohùngbohùn, ó tún gèlè ṣe,
ó kí obìnrin náà bí a ti ń kí ara wa nílé:
"Òkun o."

Iná pupa ti ń tàn tipẹ́.
Ìyẹn ló kọ́kọ́ wọlé,
àti ewúrẹ́.