Bí Ẹnu Alákàn

Músbáù fa kẹ̀kẹ́ dé láti Òkè-Òyìnbó,
orúnkún bó, ojú ń tì í.
"Mo tẹ bíréèkì, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́njù."

Nígbà ayé bàbá mi, wáyà ni.
Wáyà já, o so ó, ó parí.
Òróró lèyí.

Páàdì ṣì nípọn. Àwo irin ò wọ́,
epo ò kàn án.
Mo fi àkísà nu rọ́bà dé ìdí, kò jò.
Afẹ́fẹ́ ni.

Abẹ́rẹ́ kẹ́mísì, mo yọ ẹnu rẹ̀,
mo ti òróró tuntun láti ìsàlẹ̀;
ó ń hó lókè bí ẹnu alákàn Ẹ̀pẹ́.
"Ṣé èyí ló fẹ́ pa mí?"

N ò dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Ó le.

Kò gùn ún. Ó ń tì í lọ sílé,
ó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìṣísẹ̀.