Ìwé Gbèsè Hẹsikáyà Ṣówándé

Nínú àpótí páànù, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ní Èbúté Mẹ́ta,
ni mo ti rí i: ìwé gígùn, awọ rẹ̀ dúdú,
igun kan jóná bí ìrù ẹja yíyan.
Aáyán ti jẹ oṣù Kẹrin tán.
Wọ́n ṣẹ́ oṣù Karùn-ún kù fún mi.

Hẹsikáyà Ṣówándé, bàbá bàbá ìyá mi,
ará Olówógbowó, ọmọ Ẹ̀gbá tí òkun gbé mì dé Sàró
tí òkun tún bì padà sí Èkó.
Ó kọ orúkọ rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni tí ń dán gègé wò,
tàbí ẹni tí kò tíì gbà pé tòun ni ṣọ́ọ̀bù náà.

Kí ló tà? Ìṣó. Àbẹ́là. Iyọ̀ inú àpò.
Dígí ọwọ́. Okùn ọkọ̀. Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Agbòòrùn kan ṣoṣo, tó fi ọdún méjì rọ̀ lórí ìkọ́
kí àgbẹ̀ kan láti Ìkòròdú tó rà á,
tó gbé e sábíyá, tó sì rin inú òjò lọ wọkọ̀.
Kí ló rà? Epo pupa. Ekuro.
A máa ki ọ̀pá bọ ìsàlẹ̀ àgbá,
nítorí omi a máa sá pamọ́ sábẹ́ epo.

Ọdún tí ogun dí ọ̀nà òkè, òwò kò di owó.
“Ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò. Kò sẹ́ni.
Ọjọ́rú. Abígẹ́lì ta yẹtí rẹ̀. Mi ò bi í léèrè.”
Owó ẹyọ tó rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kẹ́ méje,
di ohun tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.
Ṣílè ti dé: ó kéré, ó tutù,
orí obìnrin kan wà lára rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni iná.
Ẹ mọ bí koríko bẹẹrẹ ṣe ń jó:
orúlé kan ń pe èkejì lórúkọ.
Ó sáré wọlé, kò mú aṣọ, kò mú owó,
ìwé yìí ló gbé jáde.
Abígẹ́lì fi rẹ́rìn-ín títí ó fi kú:
“Ilé ọkọ mi ń jó, gbèsè ẹlòmíràn ló yọ nínú iná!”

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sórí àgbá, ó ṣí ìwé lé orúnkún.
“Mo jẹ ọ́ ní ṣílè mẹ́rin.”
“Èmi, àpò iyọ̀ kan.”
Ó ń kọ ọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni.
Àwọn kan gba òdì kejì títì kọjá,
wọ́n ń wo ọ̀sà bí ẹni tí kò rí omi rí.
Bákàrè atukọ̀ dé láti Ìdó, ó ka ṣílè mẹ́wàá sílẹ̀.
Mẹ́fà ló wà nínú ìwé; iná kò kan ìlà yẹn.
Hẹsikáyà wo ìwé, ó wo ọkùnrin náà.
“Mẹ́rin yòókù,” ni Bákàrè wí, “tiná ni.”

Òun náà jẹ gbèsè. Òyìnbó Ẹ̀hìngbẹ̀tì, pọ́ùn ogójì.
Ìgbà mẹ́rin ló san án; ìkẹrin kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.
Lẹ́tà ńláńlá, tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ru igi:
“Ó tán.”
Abígẹ́lì ni, ẹni tí gbogbo ilé wa ń sọ pé kò mọ̀wé.

Ìlà kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò fà lé.
“Ìyá Fẹlisidádì, Pópó Àgùdà.
Àbẹ́là mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ ló kú.”
Ó fi àyè iye sílẹ̀.
Mo ti mú pẹ́ńsù mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e sílẹ̀.