Okun, Kóòṣì

Mẹ́rin sí òdo, abala kìíní ò sì tíì parí.
Ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Kàbà,
lábẹ́ igi kajú, Kóòṣì Otítọ́jù ń bó ọsàn.
Mọ́kànlá. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sẹ́ni tó ní ká má sáré.
Mẹ́sẹ̀kọ kàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọ̀n,
ó ń so okùn bàtà tí kò tú.
Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ mi,
mo sìn ín sọ́nà bí àlejò.

Oṣù mẹ́ta ló fi bú wa:
"Ọ̀lẹ! Ẹ wo ẹsẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́!"
Nínú bọ́ọ̀sì, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan,
ojú la fi bára wa sọ ọ́.

Fèrè dún. A wọ́sẹ̀ bọ̀.
Kò pariwo. Ó na ọsàn sí wa,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
"Okun o," ló wí,
bí bàbá ṣe ń kí ọmọ láàárọ̀ nílé wa.

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.
Mo mu ọsàn tèmi. Ó dùn,
ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Wọ́n á ní Ìsánlú fi méje lù wá.
Ìsánlú ò lu ẹnì kankan.