Ẹni Tó Di Ọ̀pá Máìkì Mú

Èmi ni mo di ọ̀pá máìkì mú.
Orúkọ mi kéré nísàlẹ̀ fíìmù náà,
ó ń sáré kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè,
ṣùgbọ́n etí mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Fèyíṣarà ti Jọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí
àti ẹ̀wù òtútù tí kò wúlò ní Àkúrẹ́.
Ọdún mẹ́rin ló fi ya ìsìnkú:
òkú Ìta-Ògbólú, òkú Ìdànrè,
òkú olówó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ká tún pósí yà
torí wúrà ara rẹ̀ kò dán tó.
Ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé torí èyí la ṣe ta ilẹ̀ Òkè-Àró?"
Kì í fèsì. Á nu lẹ́ǹsì. Á sùn.

Níbi òkú wọ̀nyí ló ti kọ́ ohun tí wọn ò kọ́ ọ ní kíláàsì:
pé kí ẹni tó fẹ́ kọrin tó lanu,
ọ̀fun rẹ̀ á kọ́kọ́ mì,
bí omi tí ẹja ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.
"Dúró de ibẹ̀," ló máa ń wí fún mi.

Nígbà tó ní fíìmù orin lòun fẹ́ ṣe
nínú ṣọ́míìlì kan lójú ọ̀nà Oǹdó,
a rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbọ́ orin lẹ́nu ayùn?
Ó ní ayùn gan-an lóhùn:
ìrókò ń kùn bí àgbà tí ebi ń pa,
àfàrà ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Owó ti tán.
Baba Akíndáre tó ni ibẹ̀ ní ká kó ẹrù wa lọ́la.
Iná lọ.
Ayùn rọra kú, bí ẹni tó ń gbàgbé orúkọ.
Mo fẹ́ gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.
Nínú òkùnkùn, obìnrin tó ń gbá ẹ̀rún pákó,
opó kan tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan,
gbé orin níbi tí ayùn fi ohùn sí.
Ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Òmíràn tan tirẹ̀.
Àwọn agbégi gbè é, ẹsẹ̀ wọn ń lu pákó.
Fèyíṣarà kò ní ká dúró. Kò wí nǹkan kan.

Ní Àlágbàká, tíkẹ́ẹ̀tì tán kí oòrùn tó wọ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sinimá
títí tí ẹni tó ń ta gúgúrú fi bẹ̀ wọ́n.
Òun kò wo fíìmù. Ó fara ti ògiri,
ó ń wo ọ̀fun àwọn èèyàn.

Ìyá rẹ̀ fẹnu sí mi létí:
"Iná tó lọ yẹn, ẹ̀yin lẹ pa á ni?"
Mo ní, "Rárá, Màmá. Ìjọba ni."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀,
ó sì tún béèrè, kí n lè tún un sọ.