Àpótí Thora

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá ìyá mi fi tẹ́ àrán sínú pósí
nílé iṣẹ́ kan létí odò ní Milwaukee.
Ó mọ bí igun ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó
fún ẹni tí kò ní yí ẹ̀gbẹ́ padà mọ́.
Ó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ kò gbọ́.
Ọwọ́ ṣì ń wá igun.

Ní Sátidé, à ń lọ sílé àwọn olóògbé
tí àwọn ọmọ ti lẹ iye owó mọ́ ṣíbí ìyá wọn.
Wendelin Kasprzak kì í wo àga, kì í wo aago.
Àpótí ìrìnàjò ló ń wá,
aláwọ gbígbó, tí idẹ ẹnu rẹ̀ ṣì ń ké tá! bí a bá tì í.
Á ṣí i, á ti imú bọ̀ ọ́:
káńfọ̀, lọ́fínńdà, ìgbà mìíràn ìtọ̀ ológbò.
"Fi ti ológbò sílẹ̀. Kò sọ́tí tó lè borí ẹ̀."

Nísàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń kùn,
èmi ni mo ń di iná mú.
Ó ń fi okùn wọn ọrùn ìgò, ó ń gé pákó,
ó ń gbẹ́ ihò fún ife ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín mẹ́rin
tí ètè àwọn àjèjì ti lá wúrà etí wọn tán,
fún ago fàdákà tí wọ́n fi ń mi ọtí pọ̀ mọ́ yìnyín,
ìbàdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, bóyá ó ti ba orí ọkọ ẹnìkan rí,
fún ọ̀bẹ ọsàn wẹ́wẹ́, fún ṣíbí tó gùn bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ.
Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kọ́ mi:
ohun tó bá ráyè mì, yóò ráyè fọ́.

Oṣù kìíní, yìnyín dé orúnkún,
Ardith Nyquist gbé àpótí aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wọlé.
"Ìyá mi nìyí," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín, "ti ìyá mi, mo fẹ́ wí."
Ilé kékeré kan wà létí adágún
tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń lọ lẹ́ẹ̀rùn;
ó fẹ́ kí ìyá náà máa bá wọn lọ, kó sì wúlò.
Ìṣòro kan ló wà. Thora kò fẹnu kan ọtí láyé.
Ọkọ rẹ̀ mu bíà kan níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
obìnrin náà lọ sùn ní yàrá àlejò fọ́jọ́ mẹ́sàn-án.

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò inú àpótí, bó ti máa ń ṣe,
ó fa káàdì kan jáde, etí rẹ̀ ti pọ́n:
Èmi Thora, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí kò ní kan ètè mi.
Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹrẹ̀.
Ardith kà á lẹ́ẹ̀mejì.
"Ṣé kí n ṣe é ṣá?"
"Ẹ ṣe é. Ó ti ń bínú sí mi kó tó kú, kò sí tuntun."

Àrán aláwọ̀ ewé, àjẹkù ilé pósí, ló fi tẹ́ ẹ.
Ó gbẹ́ ihò jíìnì, ó gbẹ́ ti wisikí,
ó wá gbẹ́ ọ̀kan tó fẹ̀, láàárín gbùngbùn,
kò sọ ohun tó wà fún.
Mo bèèrè. Ó ní kí n gbé iná náà sókè díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ardith padà, òun náà bèèrè.
Bàbá nawọ́ sí pẹpẹ, ó mú ife dígí kan,
irú tó wà nínú gbogbo ilé ìdáná, tí kò tó kọ́bọ̀ méjì,
ó fi sínú ihò náà. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́.
"Omi," ló wí. "Káàdì wà lábẹ́ ẹ̀, mo rán an mọ́bẹ̀."

Kò sunkún. Ó bèèrè iye tó jẹ́,
ó ná an, ó yọ dọ́là mẹ́wàá,
ó gbé àpótí rẹ̀, ó ń rọra tẹ yìnyín lọ síbi mọ́tò.
Lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ yọ̀, apá rẹ̀ fò sókè.
Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí.
Ìgò méjì, ife mẹ́rin, àti ife omi: kò sí èyí tó dún.
Ó ní kí n lọ gbálẹ̀.