Sí Sídíkátù, Kó Tó Kó Àwọn Ọmọ Wá

Sídíkátù, bí o bá ń bọ̀ láti Ẹ̀rìn-Ilé,
wọ ọkọ̀ ìdájí,
kí oòrùn Ìlọrin tó bọ́jú tán.
Oòrùn ibí yìí kì í kan ilẹ̀kùn:
ó ti jókòó sórí páànù kí o tó rún pákò,
bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti wọ inú bàtà,
ó ti wọ inú àpò, ó ti mọ iye tó kù níbẹ̀.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Gẹ̀rí Àlímì.
Onímárúwá tó bá ní ẹgbẹ̀rún kan, irọ́ ló ń pa.
Irínwó ni, Kàmórù á sì jókòó sí itan rẹ.
Sọ fún un pé, "Ọgbà Ìdẹ̀ra, lẹ́yìn afárá Àsà,
níbi tí kẹ̀kẹ́ ńlá ti yọrí ju igi lọ."

Ìlọrin ti di ìlú ọgbà eré, àbúrò mi.
Nígbà tí a wà ní kékeré, eré tiwa
ni ká yí táyà lọ sí Ìpata, ká yí i padà bọ̀.
Ní báyìí, ará Jẹ́bà ń wá, ará Òmù-Àrán ń wá,
odidi ilé-kéú ń wá pẹ̀lú ààfáà wọn.
Ààfáà á ní òun ò gun nǹkankan,
òun kàn ń ṣọ́ àwọn ọmọ ni;
tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó rí láwàní funfun
nínú mọ́tò tó ń kọlu ara wọn, ó ń sáré àsápajúdé.

Ẹṣin tó ń yí po, mẹ́jọ ni wọ́n. Ọ̀kan ò létí.
Èyí tí kò létí yẹn ni kí Kàmórù gùn,
ara rẹ̀ balẹ̀, kì í ta lójijì.
Ọkọ̀ ojú omi náà wà. Omi rẹ̀ ò ju orúnkún lọ,
ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Múníná mọ̀;
jẹ́ kó rò pé òkun ni.

Má ra wàrà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́wọ́ Háwáù ni kí o ti rà á,
lábẹ́ dóńgóyárò. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ jókòó síbẹ̀.
Àgbà tó bá bá oòrùn Ìlọrin jà ní aago méjì,
ọmọ rẹ̀ ni yóò fà á lọ́wọ́ délé.

Kẹ̀kẹ́ ńlá, èmi ni mo ń darí rẹ̀. Ìyẹn o ti mọ̀.
Ohun tí o kò mọ̀ nìyí:
lọ́jọ́ kejì Iléyá èṣí, Ìyá wá.
Ó ní òun ò gùn, òun ò gùn; ó gùn.
Bí àga rẹ̀ ṣe dé téńté, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ó ń wúkọ́ bí arúgbó.
Mo kígbe pé, "Ìyá, ẹ má wo ilẹ̀ o!"
Ta ní ń wo ilẹ̀? Òkè Sóbí ló ń wò,
àti mọ́sáláṣí tó ń kọ mànà, àti òrùlé tó ti dípẹtà.
Ó ń na ìka sí Pàkátà,
sí ilé tí Bàbá tà kí o lè kàwé.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.
Nígbà tí èmi àti ọmọkùnrin mẹ́ta fọwọ́ yí i sọ̀kalẹ̀,
tí òógùn bò wá bí ẹni tó bọ́ sódò,
ó wò mí, ó ní, "Kí ló kán ọ lójú?
Ó kù díẹ̀ kí n rí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé."

Mi ò sọ ọ́ fún ọ. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ilé yẹn ṣe rí lára rẹ.
Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó rà á kùn ún ní àwọ̀ ewé.
Ọ̀pẹ náà ni mi ò tíì rí,
bí mo tilẹ̀ ń wá a láràárọ̀
tí mo bá gun òkè lọ fi gírísì pa irin.

Ẹ mú omi dání. Má gbàgbé fìlà Kàmórù.
Kẹ̀kẹ́ ńlá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni; ọ̀fẹ́ ni tìẹ.
Bí o bá dé téńté,
tí mo bá ṣe bí ẹni pé iná lọ,
má pariwo.