Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ọ̀rọ̀

Yunifásítì ní kí n fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ sọ
ìdí tí mo fi fẹ́ gboyè kejì nínú iṣẹ́ ìròyìn.
Mẹ́rìnlá ni mo tíì rí kọ,
mo sì ti pa mẹ́sàn-án rẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Wàídì.
Wákàtí kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà:
náírà kan fún ọ̀rọ̀ kan, bí mo bá yára.

Kí ni kí n kọ? Pé mo fẹ́ràn òtítọ́?
Ta ló kọ̀wé sí wọn rí pé irọ́ lòun fẹ́ràn?

Ọdún tí ọkọ̀ ọjà Èjìnrìn dojú dé lójú ọ̀sà,
ìwé ìròyìn tó fi ọjọ́ mẹ́ta rìn dé Ẹ̀pẹ́
ní "àwọn ẹlẹ́ja mélòó kan" ló bómi lọ.
Mélòó kan.
Màmá Ṣẹ̀fíù wà nínú mélòó kan yẹn,
ẹni tí í fi orí òbòkún ṣe ènì fún mi,
tó jẹ ìyá mi ní gbèsè agbọ̀n méjì
tí ìyá mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀ mọ́.

Mo fa ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ya,
mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń kọ orúkọ.
Mọ́kànlá.
Ibi tí wọ́n ti lé mi, mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ lórúkọ,
pé ènìyàn lè torí rẹ̀ sanwó fọ́ọ̀mù.

Iná ṣẹ́jú. Wàídì ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Mo pa márùn-ún tó kù rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀:

Ìdàyátù Àṣàkẹ́, ìyá Ṣẹ̀fíù, Òkè-Balógun.
Ẹja ọ̀sà ló ń tà.